Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ ní Ọ̀jọ́

Ẹni tó bá gba títì Àgbádárìgì láti Mile 2 yóò kọjá Trade Fair kí ó tó dé Volks, kí ó tó wá bọ́ sí Ìyànà-Ìbà àti Òkókómáíkò. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975, ló fi orúkọ sílẹ̀ fún ibùdókọ̀ Volks. Ní 2014, Nissan náà bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Ọgbà Trade Fair, tí ìjọba kọ́ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ọdún 1977, ti di ibi tí àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ ASPAMDA ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti orí nọ́ọ̀tì kékeré dé orí odidi ẹ́ńjìnnì. Láàárín àwọn ibi wọ̀nyí, lábẹ́ igi àti lábẹ́ páànù, ni àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà wà, àwọn tó ń tú ohun tí ilé-iṣẹ́ ti jó pọ̀, tí wọ́n sì ń tún un jó padà. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé: pípààrọ̀ irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà.

Píkọ́ọ̀pù kì í sinmi ní agbègbè yìí. Òun ló ń gbé fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ jáde láti ọjà Àlàbà, òun ló ń gbé pákó, páìpù àti sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìbà àti Àjáǹgbádì. Ẹ́ńjìnnì Hilux àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́ geerege nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á kọjá. Tẹ́lẹ̀, onímọ́tò lè tà á, kó lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ gan-an ni òpin títì wa yìí. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù Òkúdù 2023, dọ́là fò sókè, owó tòkunbọ̀ bá a lọ. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le kò wá ṣeé fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí kò pọ̀: irin tí a kò ní rí mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà dára. Ọ̀dà a máa tan ẹnikẹ́ni. Mo ti rí píkọ́ọ̀pù tó ń dán gbinrin ní oṣù Ṣẹẹrẹ tó ti tún ń ta ìpẹtà kí òjò tó dá, nítorí pé ẹni tó ṣe é kò kan inú rárá.

Kí ìyẹn lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí irin ṣe ń jẹ. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan ni ìpẹtà nílò. Iyọ̀ kò pọn dandan, àmọ́ tí ó bá ti wọ inú omi, ìpẹtà á máa sáré. Ọ̀jọ́ ní gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: ọ̀sà wà ní gúúsù wa, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ibẹ̀ sì ń gbé iyọ̀ dání. Irin ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ti ìta wà, ti inú wà, wọ́n pàdé ní etí ibi tó bo táyà. Táyà ń fọ́n ẹrẹ̀ sí ojú ìpàdé yẹn, ẹrẹ̀ ń dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ kì í sì í gbẹ títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti inú rẹ̀ wá lọ, nítorí náà bó ṣe ń pọ̀ ló ń wú, ló ń ti irin méjèèjì kúrò lára ara wọn, tí omi sì ń rí ọ̀nà wọlé sí i. Nígbà tí ọ̀dà ìta bá fi máa lé bíi ooru ara, inú ti lọ tipẹ́.

Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ ti gbé àrùn wọn wá láti òkè òkun. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín. Ìpẹtà pọ̀ lára ṣáásì píkọ́ọ̀pù Tacoma ọdún 1995 sí 2000 débi pé ní 2008, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó burú jù padà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ náà tún gbà láti yanjú ẹjọ́ mìíràn lórí ṣáásì Tacoma, Tundra àti Sequoia, èyí tí wọ́n ní ó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé irú ọkọ̀ wọ̀nyí ń bẹ lójú títì wa, ẹni tó bá sì fẹ́ náwó sí ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Àyẹ̀wò ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í gbá ọkọ̀. Orí òòlù kékeré ló fi ń kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, tí ó tẹ́tí sílẹ̀. Irin tó le ń dún ganran. Èyí tó ti jẹ ń dún bòòbò, nígbà mìíràn òòlù á sì wọlé lọ́wọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni òòfà. Òòfà tí wọ́n yọ lára sípíkà tó ti kú ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kò sì wọ́n níbi tí Àlàbà wà nítòsí. Wọ́n á fi àkísà wé e kó má ba ọ̀dà jẹ́, wọ́n á máa fà á lọ lára ọkọ̀. Níbi tí irin bá wà, yóò gbá a mú. Níbi tí ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ náà rí bá ti fi pọ́tì dí ihò, òòfà á já bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí nítorí pé onímọ́tò náà lè ṣe é fúnra rẹ̀ kí ó tó ra ọkọ̀ rárá.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni, àbí odidi ẹ̀yìn? Ẹ̀yìn Hilux àti irú rẹ̀ kò jó mọ́ ṣáásì, bóòtù ló dè é. Tí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti jẹ, ẹ má fi owó ṣòfò lórí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá odidi ẹ̀yìn tòkunbọ̀, ẹ tú bóòtù, ẹ gbé ti àtijọ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé tuntun gùn ún. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣì le, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ tàbí tí dáńfó họ, pánẹ́ẹ̀lì tó.

Kódà tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ni, èmi ò gbà kí wọ́n ṣe é láìgbé ẹ̀yìn kúrò. Ní Ìbà, mo gbọ́ tí onímọ́tò kan bi ọ̀gá pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè jó o báyìí ká má bàa pẹ́?” Ọ̀gá dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo lè jó o, àmọ́ ẹ ò ní mọ nǹkan tó wà lábẹ́ rẹ̀.” Òótọ́ ni. Ibi tí irin ìdábùú ẹ̀yìn ti jókòó lé ṣáásì ni ìdọ̀tí máa ń pọ̀ sí jù, ojú kò sì lè tó o. Bí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ ó rí i, ẹ ó ha á, ẹ ó kùn ún. Ìdí kejì ni iná. Ẹnu tí a ti ń da epo sí ọkọ̀ wà lára ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, páìpù rẹ̀ sì lọ tààrà sínú táǹkì. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí wọ́n bá ti fa epo inú táǹkì tán, ewu ti tán. Rárá o. Èéfín tó kù nínú táǹkì òfìfo gan-an ló ń bú gbàmù. Kí wọ́n tú táǹkì náà, kí wọ́n gbé e jìnnà. Kí wọ́n yọ ẹnu bátìrì, kí rẹwáyà sì tú wáyà iná ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà.

Ó wá kan ríra pánẹ́ẹ̀lì. Ní ASPAMDA, tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin fún ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé lára ọkọ̀ mìíràn ni ẹ ó máa rí jù. Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání. Ẹ̀yìn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì máa ń gùn ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àti ọdún kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọlọ́jà tó ń kánjú sì lè kó èyí tí kò bá yín mu fún yín. Ẹ wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ju iwájú rẹ̀ lọ. Ẹ gbé òòfà sí i. Bó bá jẹ́ pé níwájú yín ni wọ́n ti ń gé e, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gé e tinú-tinú, kí irin inú bá a wá díẹ̀. Ẹ ó yà wọ́n fúnra yín nílé, ìlà etí á sì wà bó ṣe wà. Èyí tí wọ́n gé mọ́ etí, tí ahọ́n rẹ̀ ti ya, ìṣòro lẹ rà yẹn.

Ẹni tó bá ní Tacoma ti 2005 sókè kí ó ṣọ́ra: inú ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe irin, nǹkan bíi ike líle ni. Iná wẹ́dà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Gígé ti àtijọ́ kúrò ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó kàn ní irinṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ fi ojú iná róbótó-róbótó lẹ irin ìta mọ́ ti inú, wọ́n sì ṣeé rí bí a bá ha ọ̀dà kúrò. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a fi dírìlì lu ojú kọ̀ọ̀kan, irin òkè nìkan, kí a dúró kí ó tó kan ti ìsàlẹ̀, kí a wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì tín-ínrín yà wọ́n. Ó gba sùúrù. Èyí tó yá ni kí wọ́n gbé maṣíìnì fáílìn, kí wọ́n la pánẹ́ẹ̀lì láàárín gbọọrọ, kí wọ́n sì jó ìdajì tuntun mọ́ ìdajì àtijọ́. Mi ò sọ pé kò yẹ láé. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló jẹ, àlẹ̀mọ́ kékeré ló bójú mu. Ṣùgbọ́n ìlà iná tó gba àárín irin pẹrẹsẹ kọjá a máa ká irin yẹn kò, pọ́tì ni wọ́n á sì fi bò ó.

Nígbà tí irin ìta bá ti kúrò, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Ẹ wá wò ó. Àkókò yìí nìkan ni ẹ ó fi ojú yín rí irin tó bo táyà láti inú, igun ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé awakọ̀, àti ojú ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹrẹ̀ ọdún púpọ̀ ló máa ń ti ibẹ̀ jáde. Kí wọ́n gé gbogbo ibi tó ti rà, kí wọ́n fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ha ìyókù títí tí yóò fi funfun, kí wọ́n sì fi púráímà oní-síńkì kùn ún lójú ẹsẹ̀, kí ọjọ́ kejì tó mọ́, torí pé afẹ́fẹ́ Ọ̀jọ́ kì í fún irin ìhòòhò ní àyè. Síńkì wúlò nítorí pé bí omi bá dé, òun ló máa ń kọ́kọ́ jẹ kí irin tó jẹ. Ẹni tó bá lẹ pánẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ irin inú tó ti dípẹtà, ó kàn sún ìṣòro síwájú ni, owó ẹlẹ́ẹ̀kejì sì máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdánwò ló kàn, òun ni mo sì kà sí ọkàn iṣẹ́ náà. Wọ́n á dá ẹ̀yìn padà sórí ṣáásì, wọ́n á de bóòtù rẹ̀ ṣinṣin, torí pé ẹ̀yìn tó wà lórí ilẹ̀ tàbí lórí táyà méjì máa ń yí díẹ̀, ẹni tó bá sì jó o bẹ́ẹ̀, bó ṣe yí ló ṣe jó o. Bí télọ̀ ṣe ń fi òwú tàbàtàbà kọ́kọ́ so aṣọ kó tó gbé e sí maṣíìnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi gíríìpù àti ìdè kéékèèké mú pánẹ́ẹ̀lì dúró láìjó o. Wọ́n á gbé iná ẹ̀yìn sí àyè rẹ̀ bóyá ó wọlé. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún un tì. Wọ́n á fa okùn ìwọ̀n láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn, wọ́n á sì fà á láti òsì iwájú dé ọ̀tún ẹ̀yìn: bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ̀yìn náà ti wọ́. Wọ́n á wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé awakọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní orí gíríìpù, àtúnṣe kò ju kí a tú u, kí a sún un díẹ̀. Lẹ́yìn iná, gígé ni. Mo ti rí ọ̀gá kan ní Òkókómáíkò tó lo odidi ọ̀sán lórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣoṣo, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó pé ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà, tó sì wọlé, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gún, wọ́n á fi iná tọ́ ọ níbi mélòó kan, wọ́n á tún gbé ẹ̀yìn kúrò lórí ṣáásì, wọ́n á wá jó o parí níbi tí kò sí epo. Irin pánẹ́ẹ̀lì kò nípọn, ó máa ń wà ní nǹkan bí 0.7 sí 0.8 mìlímítà, nítorí náà ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń fi kábáìdì ṣe máa ń tan ooru ká, irin á sì máa ká. Wẹ́dà iná mànàmáná tí wọ́n fi ń jó géètì máa ń lu irin tín-ínrín já. Èyí tí wọ́n ń pè ní CO2 ló dára jù fún un, àwọn ọgbà tó ní in sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n á ti fi dírìlì lu ihò bíi mìlímítà 8 sí etí pánẹ́ẹ̀lì tuntun, níbi tí ojú iná ilé-iṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá fi iná dí ihò náà, kí irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ di ọ̀kan. Wọn kì í jó o tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n á jó ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín, wọ́n á jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó padà.

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ wọn ń di irin mú fún ọ̀gá láìní díńgí lójú, wọ́n kàn ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́dà ń jó ojú bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i, kódà bí ènìyàn kò bá wò ó tààrà. Èéfín síńkì náà ń mú kí ara gbóná, kí òtútù sì máa mú ènìyàn lálẹ́. Kí wọ́n ha síńkì kúrò níbi tí iná máa kàn, kí wọ́n sì jó o níta gbangba. Onímọ́tò tó bá rí ọmọ tí kò ní díńgí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ọ̀dà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí pọ́tì má ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ láìkùn, torí ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ìsopọ̀ kí ọ̀dà tó dé e. Ọ̀dà tí oòrùn ti pa fún ọdún púpọ̀ kò lè bá tuntun mu láé, nítorí náà kí wọ́n fín odidi ẹ̀gbẹ́ náà, kí wọ́n má fín ibi tí wọ́n ṣe nìkan. Tí ẹ bá sì fẹ́ yí àwọ̀ ọkọ̀ padà pátápátá, ẹ lọ tún un ṣe nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó jáde sí títì.

Nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ, inú ṣì kù. Àwọn kan ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sínú àlàfo láàárín irin méjèèjì. Ó ń dí omi lọ́nà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kán sílẹ̀, kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbà àti Àjáǹgbádì sì ń pọn. Gírísì tàbí ìda tí wọ́n ṣe fún inú irin ló dára jù, ó sì ń pẹ́. Ẹ rí i dájú pé àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò dí, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde, pọ́tì àti gọ́ọ̀mù sì sábà máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ da omi sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá ó ń kán.

Ní ti owó, mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n pín in. Ẹ san díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn kúrò, kí ọ̀gá lè ra ohun èlò. Ẹ san èyí tó pọ̀ jù nígbà tí ó bá pè yín wá wo irin inú tó ti ha, tó sì ti kùn, kí ó tó dé e pa. Kí àdéhùn yẹn sì ti wà kí òòlù tó kan ọkọ̀. Ìyókù di ìgbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí, tó sì tì, pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀.